Ìkarahun ọta onídẹ dúdú nínú, ó sì ń là lẹ́nu: kí ló fà á?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìkarahun ọta onídẹ 25 ló wà nílẹ̀, ti ìbọn 12-gauge (ìwọ̀n bí ihò ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) tí wọ́n fi ń díje níbi tí wọ́n ti ń múra bíi káòbọ́ì ní Texas. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò. Inú wọn ti dú bí ìdí ìkòkò, ara wọn sì ń yọ èérí aláwọ̀ ewé. Oje tí wọ́n fi ń nu idẹ ilé ni mo fi nù wọ́n. Wọ́n dán, àmọ́ mẹ́ta ti là lẹ́nu. Ṣé a lè jó ibi tó là pọ̀?

Èsì 1
Eérú ẹ̀tù ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ̀tù dúdú bá jó tán, èyí tó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́, eérú oníyọ̀ ni í dà. Iyọ̀ yìí ń fa omi mọ́ra, imí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ sì ń sọ idẹ di dúdú. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Níbi ìdíje gan-an ni kí ẹ ti máa jù wọ́n sínú ike omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọwo sí.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ ti práímà tó ti yìn jáde, ìyẹn ohun kékeré ìdí ọta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù. (Èyí tí kò tíì yìn, ẹ má kàn án ní nǹkan kan, ẹ yà á sọ́tọ̀.) Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ ló kàn. Bí dúdú náà bá ṣì kù, ẹ po ṣíbí tíì kan citric acid (èròjà kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́) mọ́ lítà omi gbígbóná kan, kí ẹ rì wọ́n sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da ojú wọn bolẹ̀ nínú oòrùn. Ihò práímà ló máa ń gbẹ gbẹ̀yìn.

Èsì 2
Oje yẹn ni kí ẹ fura sí. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní amóníà, èròjà tó ń ta sí nímú. Bàbà 70 àti síńkì 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni idẹ ọta, agbára ni wọ́n sì fi fà á di ìkarahun, nítorí náà ara rẹ̀ ṣì le koko. Amóníà àti ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, á sì là láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, ọta tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ẹṣin lásìkò òjò là báyìí, amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló fà á. Ilé adìyẹ náà kò dára fún un.

Ti jíjó pọ̀, rárá o! Iná á mú kí idẹ rọ̀, bí ìdí rẹ̀ bá sì rọ̀, èéfín gbígbóná lè tú sí ojú ẹni tó ń yìn ín. Ẹ fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Èsì 3
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí citric acid pẹ́. Bí idẹ bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, síńkì ti ń jáde lára rẹ̀ nìyẹn. Dúdú inú kò sì burú, ẹ má fi nǹkan ha á.

Àwọn 22 tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kan ara wọn ní ọwọ́. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ̀ dípò ginrin ti ní ìlà tí ojú kò tíì rí. Ẹ wẹ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, òjé wà nínú ohun tí práímà fi sílẹ̀.

Olùbéèrè
Ó ti yé mi, ẹ ṣeun. Amóníà wà lára ìgò náà lóòótọ́. Méjì sì tún ti dún gbọ̀ọ̀.