Ike omi tó ń rún jọ fúnra rẹ̀ nínú bàálù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ wọ bàálù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi.

Láti Àbújá ni èmi àti ọmọ mi, ọmọ oṣù 9, ti ń bọ̀ l'Ékòó. Nígbà tí a gòkè dáadáa, ọ̀rá ìpékeré tí mo rà wú ràkọ̀tọ̀. Mo mu omi inú ike mi tán, mo dé e pinpin, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ń sùn ní tiẹ̀.

Àfi ìgbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ta jí, ó ń fa etí, ó figbe ta. Mo gbé e jó, mo kọrin fún un, pàbó ló já sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí nǹkan ń ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ike yẹn ló ń rún jọ, bí ẹni pé ọwọ́ kan ń fún un pọ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án! Màmá tó jókòó tì mí ní, "Ìyá ọmọ, fún un lọ́mú." Ó fà á, ó ń gbé e mì, ẹkún sì dá.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ni ní físíìsì ló là á yé mi. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sìríńjì, ó fa afẹ́fẹ́ sí i dé àmì 10, ó ní kí n fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí n máa tì í wọlé. Kí n tó tì í dé 5, apá ti ń ro mí. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ta padà. Ó ní bí àyè tí afẹ́fẹ́ gbà bá dín sí ìdajì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po méjì, bí ooru rẹ̀ kò bá ti yí padà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Boyle, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1662.

Lókè lọ́hùn-ún, agbára afẹ́fẹ́ inú bàálù lè wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti Èkó. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo dé mọ́nú ike. Bí a ṣe ń sọ̀, tìta ń le sí i, ti inú ike wá ń sún kì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn awọ etí ọmọ. Tí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń rí ihò tó já sí ọ̀fun gbà jáde. Tí a bá ń sọ̀, ihò yẹn kì í tètè ṣí àfi téèyàn bá ń gbé nǹkan mì.

Nítorí náà, ẹ má fún un lọ́mú yó ṣáájú. Tí wọ́n bá ti kéde pé àwọn ń sọ̀, ẹ jí i, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é, ẹ gbé e rí dókítà kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Nígbà tí a ń padà, mo jí i. Ó ń mu, ó ń wò mí lójú, ike ń rún jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.