Òjò wọ inú orin mi: ẹ̀yin tí ẹ ti gba orin sílẹ̀ nínú yàrá rí, ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́ Onígìtá (Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Orin ìbílẹ̀ ni mo ń kọ. Orin méje ni mo fẹ́ kó sínú àwo kan, gìtá àti ohùn mi nìkan, kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí sítúdíò kan nígboro. Ọ̀gá tó bá mi ṣe é kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kí n tó jókòó dáadáa ló ti to ìlù kọ̀ǹpútà sábẹ́ ohùn mi, ó tún ní kí àwọn obìnrin mẹ́ta máa gbè é. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò mọ ẹni tó ń kọrin mọ́. Orin tí mo kọ nígbà tí bàbá mi kú ti di orin tí wọ́n lè jó sí níbi ìkómọ. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo gbé gìtá mi wálé.

Láti ìgbà náà, yàrá mi ni mo ti ń ṣe é, láti aago méjì òru sí mẹ́rin. Kó tó di àkókò yẹn, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ló ń ké. Tó bá sì ti kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀, àkùkọ Ìyá Alákàrà ò ní gbà fún mi. Mo gbé mátíràsì dí fèrèsé, mo ta búláńkẹ́ẹ̀tì sára ògiri. Orin mẹ́fà ti parí. Ti bàbá mi ló kù. Mo kọ ọ́ tó ìgbà mọ́kànlá, kò wọ̀ mí lọ́kàn. Òru ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló wá jáde bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú mi. Ó ku ẹsẹ kan ṣoṣo, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Tó. Tó. Tó. Kí n tó dé ìlà ìkẹyìn ó ti di ńlá. Mi ò dúró, mo kọ ọ́ parí.

Ṣé kí n fi òjò yẹn sílẹ̀, àbí kí n tún un kọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ Olóyèmẹkùn
Fi òjò sílẹ̀.

Bàbá Gìtá Ìjọ̀kà
Àbúrò, o kú iṣẹ́ òru. Kí n tó dáhùn ti òjò, níbo lo gbé maikirofóònù sí? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọjú rẹ̀ sí ihò gìtá gan-an, ìdí nìyẹn tí ohùn ìsàlẹ̀ fi máa ń kùn bùù bí ìlù tó tú. Kọjú ẹ̀ sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ikùn rẹ̀, kó jìnnà tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Wàá gbọ́ okùn, wàá gbọ́ igi, wàá sì gbọ́ ìka rẹ tó ń rìn lórí okùn. Má pa ohùn ìka yẹn rẹ́ o. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tèmi, kì í ṣe òjò. Gìtá mi tó dára jù, èyí tí mo fi owó ọdún méjì rà, mo gbé e kọ́ ara ògiri lóṣù Kejìlá. Igi ń gbẹ, ó ń sún kì, mi ò mọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ "ká!" láti yàrá kejì. Ikùn rẹ̀ ti là láti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ihò. Mo jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí rẹ̀ ni gìtá mi ń sùn, pẹ̀lú kànìnkànìn tútù nínú ike ọṣẹ tí mo dá ihò sí lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè yìí, ẹ má fi ọyẹ́ ṣeré.

Ọmọ Àpátàpítí
Bàbá, ẹ ṣé fún ti ike ọṣẹ yẹn. Tèmi ti ń dún kírí-kírí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé okùn ni.

Kọ́lá Òkè-Àró
Ẹ má bínú sí mi o. Orin ìbílẹ̀ ni àbúrò wa pè é, gìtá ló sì ń ta. Ìgbà wo ni gìtá di ti ìbílẹ̀? Bó bá jẹ́ àgídìgbo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo lè gbà.

Ẹkìmọ̀gún Pàtàkì
Kọ́lá, jókòó kí n bá ẹ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú l'Ékòó láàárín 1930 sí 1940, kí lo rò pé ó wà níbẹ̀? Ohun olókùn kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti tanborín. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Gángan pàápàá ò tíì sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ogun Hitler ló tó wọlé. Inú yàrá àti àgbàlá àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì jókòó débi pé wọ́n lè fọwọ́ kan olórin. Ohun tí Àdùkẹ́ ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Àwọn bàbá wa gba gìtá lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, wọ́n kọ́ ọ ní Yorùbá, ó sì gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Òǹdó ló wá gbé gìtá yẹn dé gbogbo àgbáyé, King Sunny Adé.

Kọ́lá Òkè-Àró
Òṣogbo ni wọ́n bí Sunny Adé sí.

Ẹkìmọ̀gún Pàtàkì
Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí àti ilé tó ti wá, ọ̀kan náà ni? Ọmọ ọba Òǹdó ni. Bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ààfin Ọ̀ṣemàwé.

Olùkọ́ Obìnrin Yàbá (Òǹdó)
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kò jẹ mọ́ òjò. Ohùn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lórí gìtá, lẹ́yìn náà ni mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa wọ inú rẹ̀. Ọdún tí ọkọ mi rìnrìn àjò tí kò tètè dé, mo kọ orin kan, ègbè rẹ̀ ni pé kí ọkọ mi máa bọ̀ wálé. Ibi tí "ọkọ" parí sí, ohùn gìtá mi gòkè. Ó dùn létí mi. Mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti oko. Wọ́n wà ní ilé ìdáná, mo ń kọ ọ́ ní pálọ̀. Wọ́n yọjú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló gbé ọkọ́ rẹ lọ tó o fi ń sunkún báyìí? Méjì wà nílé, n ó fún ẹ ní ọ̀kan."

Wọn ò ṣe àwàdà. Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn, ohun tí mo sì kọ nìyẹn. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé gìtá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán, bí ẹni pé ọkọ mi wà níwájú mi, títí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ fi fi ibi tó ń lọ hàn mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbé gìtá tọ̀ ọ́. Bí ìlù mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, ariwo lè bo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá kan àti ohùn kan? Kò síbi tí yóò sá pamọ́ sí.

Ìyá Ìbejì
"Méjì wà nílé, n ó fún ẹ ní ọ̀kan." Ọlọ́run á dá irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ sí fún wa.

Ọmọ Olóyèmẹkùn
Mo ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ọkọ́!

Atọ́nà Akọrin
Olùkọ́, ẹ ti tẹ ibi tó ń dùn mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ, ìjà tí mo sì ń jà nìyẹn. Ohùn òyìnbó, ọ̀rọ̀ Yorùbá: wọ́n gbé ẹ̀wù ọmọ ọdún mẹ́ta wọ àgbàlagbà. A ti kọ ọ́ pẹ́ débi pé etí wa ò gbọ́ àṣìṣe mọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ fún ọmọ kékeré tí kò gbọ́ ọ rí, yóò bi yín pé kí lẹ sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá. Bàbá yẹn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn bó ṣe ń rìn. Ní 1922 wọ́n gba orin 43 sílẹ̀ lẹ́nu wọn ní London fún Zonophone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin. Àdùkẹ́, wo èyí: maikirofóònù oníná ò tíì wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ nígbà náà, ọdún 1925 ló tó wọlé. Ẹnu fèrè ńlá kan ni wọ́n ń kọrin sí, ohùn á sì máa gé ìlà sára ìda. Kò sí pé à ń gé e, à ń lẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣe jáde lẹ́nu ló ṣe máa wà. Ìwọ̀nyí ṣì wà títí dòní, gbogbo ìhó àti ariwo tó wà lára wọn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n tún un kọ.

Alágbàká
Mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n bí ohùn orin bá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣé gbogbo orin wa ò ní jọra wọn? Níbo ni ti olórin fúnra rẹ̀ wà?

Atọ́nà Akọrin
Mi ò sọ pé kó tẹ̀lé e bí òjìji. Ọ̀rọ̀ tó bá lọ sókè, ìwọ lo máa pinnu bóyá díẹ̀ ló máa fi gòkè tàbí púpọ̀. Kó ṣáà má sọ ọkọ di ọkọ́.

Olùkọ́ Obìnrin Yàbá
Alágbàká, ọmọ mi, wá jókòó ti àwọn ìyá wa tó ń kọ orin Obìtun, orin ayẹyẹ ọmọbìnrin tó bàlágà, n'Óǹdó níbí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ọjà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, síbẹ̀ orin méjì ò jọra wọn. Wọ́n á na ọ̀rọ̀ kan títí, wọ́n á gé èkejì kúrú. Ibẹ̀ ni ti olórin wà.

Alágbàká
Ẹ ṣé mà. Màá wá.

Ọmọ Àpátàpítí
Èmi gbé gìtá gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, gìtá lẹ́yìn, fóònù lọ́wọ́, nítorí mo fẹ́ kí orin náà ní ohùn òkè nínú. Atẹ́gùn ni mo gbà sílẹ̀. Wákàtí kan gbáko, hùù, hùù. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gun òkè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n fi bo ẹnu fóònù, orin kan ṣoṣo ló sì mọ́ díẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń rántí bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń gbọ̀n.

Bàbá Gìtá Ìjọ̀kà
Ìbọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó ṣáà jẹ́ èyí tó mọ́.

Kọ́lá Òkè-Àró
Ó dáa, mo gbà ti gìtá. Àdùkẹ́, èdè wo lo fi kọ ti bàbá rẹ?

Àdùkẹ́ Onígìtá
Èdè Àkúrẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

Kọ́lá Òkè-Àró
Ta ló máa gbọ́ ọ n'Íbàdàn àti l'Ékòó? Yorùbá àjùmọ̀lò ni kó o fi kọ ọ́, kó lè rìn jìnnà.

Ìyá Ìbejì
Kọ́lá, ta ni bàbá náà? Ṣé ará Ìbàdàn ni? Jẹ́ kí ọmọ sunkún bàbá rẹ̀ ní èdè bàbá rẹ̀.

Ẹkìmọ̀gún Pàtàkì
Èmi tí mo jẹ́ Òǹdó ò gbọ́ gbogbo ti Àkúrẹ́ tán, ṣùgbọ́n n ó gbọ́ ti ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀. Kò sí ogbufọ̀ tó ń gbọ́ ìyẹn fúnni.

Kọ́lá Òkè-Àró
Ẹ ti pọ̀ jù mí lọ. Síbẹ̀, mi ò tíì yí ọkàn padà.

Àdùkẹ́ Onígìtá
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo gbé maikirofóònù kúrò níwájú ihò gẹ́gẹ́ bí Bàbá Gìtá ṣe wí, mo sì tún orin náà kọ lóru àná láìsí òjò. Ó mọ́. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Lọ́sàn-án òní mo fi méjèèjì sí etígbọ̀ọ́ ìyá mi, mi ò sọ èyí tó jẹ́ èwo fún wọn. Ti àná, wọ́n tẹ́tí sí i dópin, wọ́n ní ó dùn.

Mo fi ti olójò sí i. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ó fi dé ẹsẹ ìkẹyìn. Wọ́n wá dìde lójijì, omi wà lójú wọn, wọ́n sì forí lé ẹ̀yìnkùlé láti lọ kó aṣọ lórí okùn.

Bàbá Gìtá Ìjọ̀kà
Má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyá Ìbejì
Ṣé wọ́n kó aṣọ náà?

Àdùkẹ́ Onígìtá
Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn ń ràn. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i.