Àbọ̀ lórí Salchow mi: èjìká ló wà nídìí ẹ̀

Mo béèrè níbí pé kí ló dé tí Salchow mi, ìyẹn irú fífò kan nínú eré bàtà onírin lórí yìnyín, kì í ga, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ẹ ní kí n dá èjìká dúró lẹ́yìn three-turn (yíyí padà lórí ẹsẹ̀ kan, láti iwájú sí ẹ̀yìn), kí n pọ́n irin abẹ́ bàtà, kí n sì fi kún eré sísá mi.

Ti èjìká ló yanjú ẹ̀. Bí mo bá ti yí three-turn tán, tí mo ń fi etí inú irin ẹsẹ̀ òsì lọ sẹ́yìn, apá òsì á wà níwájú, apá ọ̀tún lẹ́yìn, màá sì ní sùúrù. Sùúrù yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èjìká ló máa ń ṣáájú, agbára á ti tán kí n tó fò. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ fì wá síwájú, lẹ́yìn náà ni màá na orúnkún òsì, ara á sì gbéra. Ẹni tó bá ń yí sí ọ̀tún, kó pààrọ̀ ẹsẹ̀ àti apá.

Irin tí mo pọ́n ṣe díẹ̀: ẹsẹ̀ kì í yọ̀ mọ́ bí mo bá balẹ̀, àmọ́ kò fi kún gíga. Eré sísá ní tirẹ̀ kò tíì bá mi mu. Bí mo bá sáré, èjìká ò ní dúró.

Ó ku ìbalẹ̀. Etí òde irin ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mò ń bà lé báyìí, inú mi sì dùn gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ṣì ń kan yìnyín nígbà mìíràn. Mo ń fi bàtà lásán dánra wò nílé. Ẹ ṣeun o.