Ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan ní erékùṣù Rhodes: ọkọ̀ ojú omi ni tàbí bọ́ọ̀sì, fún ìdílé tí àwọn kan mọ̀wẹ̀ tí àwọn kan kò mọ̀ ọ́n?

Àbíkẹ́_Leeds béèrè pé:

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti rin ilẹ̀ Gíríìsì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa ní Leeds nínú oṣù keje, a sì ti fohùn ṣọ̀kan pé gbogbo wa yóò jọ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù Rhodes ní ìparí oṣù kẹjọ, kí àwọn ọmọ tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí ó fa ọkàn màmá síbẹ̀ ni pé Rhodes yìí ni Ródù tí a kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 21:1, níbi tí Pọ́ọ̀lù gbà kọjá nígbà tí ó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé etíkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Pọ́ọ̀lù pè.

Ọjọ́ kan péré ni a fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún rírìn kiri erékùṣù náà, a óò sì máa sinmi ní ọjọ́ yòókù. Ìpolówó oríṣi méjì ni mo ń rí. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ ojú omi tí ń gbéra láàárọ̀ ní èbúté Mandraki, tí ń dúró ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú ọ̀nà kí èrò lè lúwẹ̀ẹ́, tí yóò sì já wọn sílẹ̀ ní ìlú Lindos fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó kó wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni ti bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò lọ wo ìlú àtijọ́, ilé ìjọsìn Tsambika àti Lindos, tí wọn yóò sì láyè láti wọ omi ní etíkun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọkọ mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó dàgbà sétí ọ̀sà, mọ̀wẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ wa méjèèjì kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín. Èmi kò mọ̀wẹ̀ rárá, màmá náà kò mọ̀ ọ́n, ẹni ọdún 71 sì ni wọ́n, orúnkún a máa dùn wọ́n bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn pẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní dé etí òkun kí ẹsẹ̀ àwọn má kan omi. Èwo nínú méjèèjì ni gbogbo wa yóò jọ gbádùn, tí kò ní jẹ́ pé àwọn kan wà nínú omi tí àwọn kan ń ṣọ́ ẹrù?

Arìnrìnàjò_Ìjẹ̀bú fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìmúra. Mo ti lọ sí Rhodes nígbà tí oòrùn mú jù, mo sì ti lọ nígbà tí èrò ti dín kù. Bọ́ọ̀sì ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ wọ̀, jíjìn omi ni ó sì fà á. Ní àwọn ibi tí ọkọ̀ Mandraki máa ń dúró sí, irú bí Kallithea àti etíkun tí wọ́n fi orúkọ òṣèré Anthony Quinn pè, ọkọ̀ kì í súnmọ́ ilẹ̀. Ojú omi níbẹ̀ ni yóò ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọn yóò pa ẹ́ńjìnnì, wọn yóò sọ àkàbà irin kalẹ̀, àwọn tí ó mọ̀wẹ̀ yóò sì máa bẹ́ sínú omi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi náà mọ́ gaara débi pé ènìyàn ń rí òkúta àti ẹja ní ìsàlẹ̀ bí ẹni pé kò jìnnà, èyí sì ni ó léwu fún ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, nítorí ojú kò lè fi í díwọ̀n bí ó ṣe jìn tó. Bí ọkọ yín àti àwọn ọmọ bá ń ṣeré nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti màmá yóò wà lábẹ́ ìbòòji ọkọ̀, ohun tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ gan-an nìyẹn.

Etíkun Tsambika ní tirẹ̀ jẹ́ iyanrìn kíkúnná, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ènìyàn lè rìn wọnú omi títí kí ó tó mu ún dé àyà. Màmá lè dúró síbẹ̀ kí omi dé wọn ní ìbàdí, kí àwọn ọmọ sì máa lúwẹ̀ẹ́ lójú wọn. Ilé ìjọsìn Tsambika wà lórí òkè tí ó yọrí sí etíkun náà, àtẹ̀gùn tó bí 300 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó débẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí màmá wò ó láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ ni wọ́n máa ń gun òkè náà lọ bẹ Màríà Ìyá Jésù, àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún, bí ọmọ bá sì dé, wọn a sọ ọkùnrin ní Tsambikos, wọn a sọ obìnrin ní Tsambika. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi pọ̀ ní Rhodes ju ibikíbi mìíràn lọ ní Gíríìsì. Ìyá tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá, níbi tí orúkọ ọmọ ti ń ròyìn ohun tí ojú òbí rí, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti Etíkun Pọ́ọ̀lù Mímọ́, abẹ́ àpáta Lindos ni ó wà. Àpáta yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹnu tóóró kan ṣoṣo ni omi òkun ń gbà wọlé, nítorí náà kì í sábà ru gùdù bí òkun bá tilẹ̀ ń ru níta. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré funfun kan wà létí rẹ̀. Àwọn ará Lindos gbà gbọ́ pé ìjì ni ó lé ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù débẹ̀, tí mànàmáná sì la àpáta kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé. Ìtàn ìran wọn nìyẹn. Bíbélì kò sọ ju pé wọ́n gba Ródù kọjá lọ sí Pátárà. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ méjèèjì fún màmá bí wọ́n ṣe rí.

Ẹ má fi ìlú àtijọ́ kún ìrìn ọjọ́ yẹn rárá. Àwọn ajagun onísìn tí à ń pè ní Hospitaller, tí wọ́n jọba níbẹ̀ láti ọdún 1309 títí di ìgbà tí Súlímáánù ọba àwọn Tọ́kì gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1522, ni wọ́n mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú odi ńláńlá rẹ̀, UNESCO sì ti fi ìlú náà sí àkójọ ogún àgbáyé láti ọdún 1988. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀ ni ó dára láti rìn ín, ní ọjọ́ tí ẹ kò bá ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá dé Mandraki, àwọn ọmọ yóò béèrè ère gìrìwò tí ó gbajúmọ̀ ní Rhodes láyé àtijọ́. Ó ga tó bíi mítà 33, ìmìtìtì ilẹ̀ sì wó o ní nǹkan bí ọdún 226 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn kan yóò sọ fún wọn pé ère náà la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ẹnu èbúté tí ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àmọ́ àwọn onímọ̀ kò gba ìyẹn wọlé.

Ọmọ_Etí_Ọ̀sà fèsì pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún èsì tí ó ṣáájú tèmi, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n sọ nípa jíjìn omi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí a gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Láti ojú òkun ni Lindos ti lẹ́wà jù: àpáta tí ó ga ju mítà 100 lọ yóò yọ sí yín lójijì, àwókù tẹ́ḿpìlì Àtẹ́nà lórí rẹ̀, ilé funfun báláú nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá bọ́ọ̀sì wá kò rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò pín ara yín sí méjì? Bọ́ọ̀sì èrò tí wọ́n ń pè ní KTEL máa ń ti ìlú Rhodes lọ sí Lindos lójoojúmọ́, ọ̀nà náà tó bíi kìlómítà 50, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí ẹ̀yin àti màmá wọ èyí tí ó bá kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀, kí baba àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń tó ọ̀sán kí ọkọ̀ tó dé Lindos, nígbà yẹn ẹ̀yin yóò ti rìn ohun tí ẹ fẹ́ rìn, gbogbo yín yóò sì pàdé ní etíkun ńlá ìlú náà, níbi tí omi kò ti jìn.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè iye èrò tí ó ń gbé àti bí ìbòòji rẹ̀ ṣe tó. Mo wọ ọ̀kan tí wọ́n kó èrò sí fọ́fọ́, tí àwọn tí ó pẹ́ dé fi wà nínú oòrùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ọmọ kékeré kan sì ń bì títí a fi gúnlẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ní ẹ̀wù ìléfòó tí ó bá ara àwọn ọmọ mu, kì í ṣe ti àgbà nìkan. Ní oṣù kẹjọ, atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní meltemi máa ń fẹ́, ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà ni ó sì ń lù jù. Ìlà oòrùn tí Lindos wà fara rọ díẹ̀. Bí inú ọmọ bá máa ń ru nínú ọkọ̀, àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni kí wọ́n jókòó sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta inú omi, nítorí ẹran omi dúdú róbótó kan wà tí ẹ̀gún bò yíká. Bí ẹ̀gún rẹ̀ bá ti dá sínú àtẹ́lẹsẹ̀, yíyọ rẹ̀ kò rọrùn. Bàtà rọ́bà tí a ń wọ̀ wọnú omi kò wọ́n.

Àbíkẹ́_Leeds fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Ìmọ̀ràn pé kí a pín ara wa tí a óò sì pàdé ní Lindos wọ̀ mí lọ́kàn. Ó ku ohun méjì: ṣé màmá lè gun òkè Lindos, bóyá lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí mo rí nínú àwòrán? Àti pé níbo ni kí wọ́n ti gba físà, Ìbàdàn ni tàbí nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìyá_Àgbà_Thamesmead fèsì pé:

Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí ìyá rẹ gùn ún. Àtẹ̀gùn tó bí 300 ni òun náà, ẹsẹ̀ èrò sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń yọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò dé òkè pátápátá, ibi tí ó bá já ènìyàn sí, àtẹ̀gùn tí ó le jù ṣì kù níwájú. Láti ọdún 2018, ìjọba Gíríìsì ti fòfin de kí ẹrù orí ẹran náà ju kílò 100 lọ tàbí kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹjọ, àánú ẹran náà a máa ṣe mí, ẹ̀rù ẹni tí ó jókòó lé e a sì máa bà mí.

Ìwọ nìkan ni kí o gùn ún, ní kété tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Kí o tó gun àtẹ̀gùn gíga tí ó kẹ́yìn, wo apá òsì rẹ: ìdí ọkọ̀ ojú ogun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta fúnra rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ, ère ẹni ọlọ́lá kan ni ó sì dúró lórí rẹ̀ nígbà kan. Ya àwòrán rẹ̀ fún màmá. Nígbà tí o bá wà lókè, kí wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Panagia ní àárín ìlú, níbi tí ó tutù, tí àwòrán ìtàn Bíbélì bo ògiri àti òrùlé inú rẹ̀. Kí wọ́n mú ìborùn dání láti fi bo èjìká. Ọkọ̀ kì í wọ àárín Lindos, àmọ́ takisí lè gbé yín dé òkè Etíkun Pọ́ọ̀lù, ẹ óò sì rọra sọ̀ kalẹ̀ létí omi. Mo dúró nínú omi náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mu mí dé àyà, mo ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà. Wákàtí kan níbẹ̀ yóò tẹ́ ìyá rẹ lọ́rùn ju gbogbo òkè lọ.

Ẹ mú omi mímu púpọ̀ dání. Ooru Rhodes kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré: nínú oṣù keje ọdún 2023, iná igbó lé nǹkan bí 19,000 ènìyàn kúrò ní ibùgbé wọn ní ìlà oòrùn gúúsù erékùṣù náà. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112, ti ẹ̀ṣọ́ ojú omi sì ni 108. Bí àsíá pupa bá wà ní etíkun, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi, títí kan ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Nàìjíríà ni kí ìyá rẹ ti gba físà, nítorí ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni òfin Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń ṣiṣẹ́ fún, tí Gíríìsì wà lára wọn) ní kí ó ti tọrọ rẹ̀, àlejò lásán ni wọ́n sì jẹ́ ní ọ̀dọ̀ rẹ. Wọ́n lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, owó rẹ̀ fún àgbà sì jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Inṣọ́ránsì ìrìn-àjò wọn gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, pásípọ́ọ̀tù wọn sì gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí wọn yóò kúrò ní ilẹ̀ Schengen. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Leeds bá ṣì ń lo ìwé Nàìjíríà, ẹ̀yin náà nílò rẹ̀, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò gbà yín sílẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kẹta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.