Redmi Note 7: ROM wo ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa kó ohun inú fóònù pamọ́?

Ọmọ_Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Redmi Note 7 ni mo ń lò, èyí tó jáde ní 2019. Android 9 ló bá dé, ó gòkè dé Android 10, kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́. Bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, gíláàsì rẹ̀ kò sán, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ́ra gan-an, àwọn ápù kan sì ti ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Owó tí wọ́n ń pe fóònù tuntun báyìí kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí n bá fi ROM mìíràn sí i, ìyẹn ètò tó ń darí fóònù látòkè délẹ̀, á tún jí pépé. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Láptọ́ọ̀pù Windows wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ROM wo ni kò ní dà mí láàmú? Báwo ni mo ṣe máa kó gbogbo nǹkan pamọ́ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun? Fọ́tò ìsìnkú bàbá mi wà níbẹ̀, ohùn wọn sì wà nínú WhatsApp. Mi ò lè fi ìyẹn ṣeré.

Alátùnúnṣe_Dùgbẹ̀:
Kú iṣẹ́, àbúrò. LineageOS ni kí o fi sí i, ROM ọ̀fẹ́ kan tó dá lórí Android. Kì í ṣe pé òun ló rẹwà jù nínú wọn. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ó ní ojú ewé ìtọ́nisọ́nà fún fóònù kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ṣe é sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. CyanogenMod, ROM tí àwa lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá; nígbà tí ìyẹn kógbá sílé ní ìparí 2016 ni wọ́n gbé LineageOS dìde. Àwọn ROM tó ń dán yinrin tí o ń rí lórí Telegram, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ tí ó bá sú u, ó parí nìyẹn, àṣìṣe tó bá wà nínú ẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ orúkọ tí àwọn tó ń ṣe ROM ń pe fóònù rẹ. Redmi Note 7 ni lavender. Redmi Note 7 Pro ni violet. Tí o bá gbé méjèèjì sílẹ̀, o lè má mọ èyí tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ṣípù Snapdragon 660 ló wà nínú lavender, 675 ló wà nínú violet. Fáìlì ti ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọ inú èkejì. Má gba páálí gbọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé tọ̀kunbọ̀ lo rà. Pa fóònù, tẹ bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù mọ́ bọ́tìnnì iná títí fastboot (ojú ibi tí láptọ́ọ̀pù ti lè pàṣẹ fún fóònù) á fi hàn, so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí o tẹ èyí sínú Command Prompt, níbi tí platform-tools (irinṣẹ́ Google tí adb àti fastboot wà nínú ẹ̀) wà:

fastboot getvar product

Orúkọ tó bá dá ọ lóhùn ni orúkọ ẹ̀. Tí kì í bá ṣe lavender, dúró, kí o padà wá bi wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bootloader, ètò tó ń kọ́kọ́ jí fóònù tó sì ń pinnu ROM tó lè wọlé, torí pé títì ni wọ́n tì í wá láti ilé iṣẹ́. Ṣí àkáǹtì Xiaomi, fi síìmù sínú fóònù, pa Wi-Fi, lo dátà. Wọ inú Developer options (ó fara pamọ́ sínú Settings), tẹ Mi Unlock status, so àkáǹtì náà mọ́ fóònù. Nígbà tí o bá wá lo Mi Unlock, ètò Xiaomi tó ń ṣí bootloader, lórí Windows, ó sábà máa ń ní kí o lọ dúró fún wákàtí 168, ọjọ́ méje gbáko nìyẹn. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun bá ọ ṣí i lójú ẹsẹ̀, sá fún un.

Kí o sì mọ èyí dájú: bí bootloader bá ṣe ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun inú fóònù ń pa rẹ́. Fọ́tò, ohùn, gbogbo ẹ̀ pátá. Inú ọjọ́ méje yẹn ni kí o ti kó ẹrù rẹ jáde.

Ìyá_Ìbejì:
Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Jẹ́ kí n sọ ti WhatsApp fún ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sunkún.

Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí o kó o sí. Ọ̀kan ni Google Drive, láti inú WhatsApp fúnra ẹ̀. Rántí pé 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, WhatsApp sì ti wà lára ohun tí wọ́n ń kà sínú ẹ̀ báyìí. Tí àyè bá ti kún, backup kò ní parí, o sì lè má fura. Yẹ ọjọ́ àti aago tó wà níbẹ̀ wò. Tí o bá ti tan end-to-end encrypted backup, kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀ sórí ìwé; tó bá sọnù, WhatsApp gan-an ò lè bá ọ ṣí i.

Ibi kejì ni láptọ́ọ̀pù rẹ. So fóònù mọ́ ọn, mú "File transfer", lọ sí Android, media, com.whatsapp. Tí fódà WhatsApp ò bá sí níbẹ̀, wò ó níta, lára àwọn fódà àkọ́kọ́ tí o bá rí. Kó gbogbo ẹ̀. Fódà Databases ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bára yín sọ wà. Ohùn bàbá wà nínú Media, nínú fódà tó ń jẹ́ WhatsApp Voice Notes, .opus ló sì máa ń gbẹ̀yìn orúkọ wọn. VLC lè tẹ̀ ẹ́ fún ọ lórí láptọ́ọ̀pù. Tẹ díẹ̀ nínú wọn, kí o fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, wo iye fáìlì tó wà nínú fódà ti fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù, kí o rí i pé wọ́n dọ́gba. Wáyà máa ń já láàárín méjì, Windows á sì ti fò díẹ̀ láìsọ fún ọ.

Tí fóònù bá ti di tuntun, dá fódà náà padà sí ibi tó wà kí o tó ṣí WhatsApp, fi nọ́ńbà àtijọ́ wọlé, á rí i, á sì bi ọ́ bóyá kí òun dá a padà.

Má gbàgbé nọ́ńbà àwọn èèyàn tí o fi pamọ́ sí fóònù nìkan tí kò sí ní Google. Sọ wọ́n di fáìlì.vcf. Tí o bá ń lo Google Authenticator, gbé e lọ sí fóònù mìíràn ṣáájú. Lẹ́yìn náà kí o yọ àkáǹtì Google kúrò nínú fóònù kí o tó pa á rẹ́, kí ó má baà tì ọ́ mọ́ta.

Fastboot_Àkúrẹ́:
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àfi pé ó ku ibi tó le jù. Ọ̀rọ̀ fọ́tò wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) wà lọ́tọ̀.

Ibì kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń kó IMEI àti ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Lórí àwọn fóònù tó ń lo ṣípù Qualcomm bíi lavender, modemst1, modemst2 àti fsg ni wọ́n ń jẹ́; TWRP (recovery kan, ìyẹn ojú ìtúnṣe tí fóònù lè wọ̀ láìtan Android) máa ń pè wọ́n ní EFS. Persist wà pẹ̀lú, níbi tí ètò àwọn sẹ́ńsọ̀ wà. Ti fóònù rẹ, tìrẹ nìkan ni. Kò sí bí o ṣe máa wà á jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá bàjẹ́. Bó bá bàjẹ́, tí o bá tẹ *#06#, òfo ni wà á rí, síìmù á wà nínú fóònù láìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kódà tí o bá dá MIUI (ROM tí Xiaomi fúnra ẹ̀ fi sínú fóònù) padà, kì í sábà yanjú ẹ̀. Tẹ *#06# lónìí, kí o kọ IMEI méjèèjì sílẹ̀.

Tí bootloader bá ti ṣí, kí o tó fi LineageOS kàn án rárá, gbé TWRP ti lavender wọlé fún ìgbà díẹ̀:

fastboot boot twrp.img

Kò tíì rọ́pò nǹkan kan nínú fóònù. Wọ Backup, mú Boot, EFS, àti Persist tó bá hàn. Tí àyè bá wà, fi System àti Vendor kún un. Lẹ́yìn náà, fà á jáde sórí láptọ́ọ̀pù:

adb pull /sdcard/TWRP

Má fi í sílẹ̀ nínú fóònù, torí Format data tó ń bọ̀ níwájú á gbá a lọ. Má sì fi fáìlì EFS ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó máa pe ara ẹ̀ ní ọ̀gá. IMEI rẹ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí ó ti ká ọ̀pọ̀ mọ́: "Data" tí TWRP ń kó kì í kó fọ́tò. Ó máa ń fo /data/media, ibẹ̀ sì ni fọ́tò, fídíò àti ohùn wà. Iṣẹ́ tí màmá sọ lókè yẹn, TWRP ò lè bá ọ ṣe é.

Ọmọ_Ifẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣé, Mà. Mo ti kọ IMEI sílẹ̀. Fífi LineageOS sí i gan-an ńkọ́? Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Àti pé ṣé ápù báǹkì mi á ṣiṣẹ́?

Alátùnúnṣe_Dùgbẹ̀:
Bátìrì fóònù kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì, kí láptọ́ọ̀pù náà kún, iná ìbáà lọ. Wáyà ni kí o ṣọ́, torí àwọn kan wà tó jẹ́ iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Tí láptọ́ọ̀pù bá ní ojú USB 2.0, ibẹ̀ ni kí o kì í bọ̀; fastboot àwọn Xiaomi kan kì í rẹ́ pẹ̀lú USB 3.

Wa recovery ti LineageOS, LineageOS gan-an, àti MindTheGapps arm64 (àwọn ápù Google bíi Play Store, tí à ń pè ní GApps) sílẹ̀, kí Android tí wọ́n kọ sára GApps bá ti LineageOS mu. Nọ́ńbà gígùn kan tó ń jẹ́ SHA256 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì LineageOS. Tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, SHA256 lórí Windows. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bà á jẹ́ lójú ọ̀nà, tún un wà.

fastboot flash recovery recovery.img

Má jẹ́ kí fóònù tan wọ MIUI lẹ́yìn ìyẹn, torí MIUI lè dá recovery tiẹ̀ padà. Tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ohùn ga mọ́ ti iná, kí ó wọ recovery tààrà. Factory reset, Format data. Lẹ́yìn náà Apply update, Apply from ADB, kí o tẹ adb sideload àti orúkọ fáìlì náà lórí láptọ́ọ̀pù. Ibí yìí ni àyà ti máa ń já èèyàn: ó lè dúró sí 47%, kí láptọ́ọ̀pù kọ "adb: failed to read command: Success". Má fa wáyà yọ, ó ti lè wọlé tán. Ojú fóònù ni kí o wò.

GApps ni kí o tún sideload kí o tó tan fóònù rárá. Á ní "Signature verification failed", tẹ Yes. Kì í ṣe àwọn LineageOS ló buwọ́ lù ú ni. Tí o bá ti tan fóònù kí o tó fi GApps sí i, àfi kí o tún Format data. Títàn àkọ́kọ́ lè tó ìṣẹ́jú 15.

Má tún bootloader tì lẹ́yìn ẹ̀. Tí o bá sì fẹ́ padà sí MIUI lọ́jọ́ iwájú, MiFlash, ètò Xiaomi tó ń fi MIUI sí fóònù láti orí Windows, ni wà á lò. Wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ lápá ọ̀tún kí o tó tẹ flash: "clean all and lock" ni wọ́n ti máa ń mú sílẹ̀ fún ọ. Yí i sí "clean all". Fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, tí o bá fi MIUI Global sí i tí o sì tì í, kò ní tan mọ́.

Àdùkẹ́_Ìlọrin:
Ní ti báǹkì, Play Integrity ti Google ló ń sọ fún àwọn ápù pé bootloader ti ṣí. Àwọn kan á ṣiṣẹ́, àwọn kan á kọ̀, ó sì lè yí padà nígbàkigbà tí wọ́n bá tún ápù náà ṣe. Máa fi ọkàn sí i pé ó lè kọ̀. Kóòdù USSD báǹkì rẹ kò bìkítà nípa ROM, kódà fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà rí i pé PIN rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe ni kí o lọ wa module (àfikún ètò) tí o kò mọ ẹni tó kọ ọ́ láti fi tan ápù báǹkì jẹ. Inú fóònù kan náà ni owó rẹ wà.

Ará_Peckham:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó fẹ́ ra Pixel (fóònù Google) tọ̀kunbọ̀ láti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí wọ́n máa ń ní kí n bá àwọn rà á níbí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Developer options, ẹ wo "OEM unlocking". Ẹ fi Wi-Fi tàbí síìmù sí i kí ẹ tó wò ó. Tó bá ṣì ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn Pixel tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Verizon tà ní Amẹ́ríkà máa ń rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣeé ṣí. Èyí tó bá ṣeé tẹ̀, tó sì wà lára àwọn Pixel tí GrapheneOS (ROM kan tí wọ́n ṣe fún Pixel) ṣì ń gbà, GrapheneOS lè wọ inú ẹ̀ láti orí Chrome lásán, kò tiẹ̀ ní kí ẹ tẹ àṣẹ kankan. Òun ni bootloader ẹ̀ ṣeé tún tì lẹ́yìn tí ẹ bá parí.

Tísà_Ṣakí:
Tecno ni tèmi o. Ṣé mo lè bá wọn ṣe é?

Fastboot_Àkúrẹ́:
Ẹ má ì tíì ṣe é, Sà. ROM tí wọ́n ṣe dìídì fún Tecno àti Infinix ṣọ̀wọ́n, GSI (ROM gbogboogbò tí wọn kò ṣe fún fóònù kan pàtó) ló kù, ìyẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ṣẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi SP Flash Tool (ètò tí wọ́n fi ń fi ROM sí fóònù tó ń lo ṣípù MediaTek) bá yín tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó lo "Format All". IMEI yín á bá a lọ.

Ọmọ_Ifẹ̀:
Mo ti tẹ̀ ẹ́: "product: lavender". Mi Unlock sì ní kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí 168. Ṣé mo lè máa lo fóònù lọ báyìí?

Alátùnúnṣe_Dùgbẹ̀:
Máa lò ó bí o ṣe ń lò ó. Má ṣáà jáde nínú àkáǹtì Xiaomi yẹn, má sì tún tẹ "Add account and device", torí ó lè bẹ̀rẹ̀ kíkà padà. Tí o bá ti ṣí i tán, kọ sí ibí kí o tó fláàṣì ohunkóhun, ká jọ wo orúkọ fáìlì tí o wà.