Bàbá mi fi sìgá sílẹ̀, oògùn àyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ

Ọmọ Awakọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, ọkàn mi ni kò gbé e.

Ọdún 31 ni bàbá mi fi wa tírélà láti Àpápá dé Kánò. Sìgá ni wọ́n fi ń lé oorun lójú ọ̀nà, ẹyọ 20 lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹ̀yìn tì, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìjókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, COPD ló pè é. Ó kọ inhaler aláwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu, àti àmínófílìn, oògùn oníhóró tó ń la ọ̀nà èémí, fún wọn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń mu sìgá, ó tiẹ̀ rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, àmínófílìn yẹn máa pọ̀ jù fún ara wọn, a sì ní láti jẹ́ kí dókítà dín in kù.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì wọlé, Bàámi kó gbogbo sìgá tó kù nílé, wọ́n dà á sí ṣáláńgá, wọ́n ní ó parí. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n dín àkàrà fún gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ yẹn nígbà ìṣínu. Oògùn wọn kò yẹ̀: wọ́n ń lò ó ní sààrì, wọ́n ń lò ó ní ìṣínu.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ṣíbí ń lu abọ́. Oorun kò kùn wọ́n. Ní ọjọ́ keje, èébì. Mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà, ọkàn wọn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá mi ní ààwẹ̀ ló mú wọn. Àbúrò bàbá mi ní, "Sìgá ló ń pè wọ́n. Ẹ fún wọn ní ẹyọ kan, ara wọn á wálẹ̀." Èmi ní tèmi rò pé àyà wọn ló tún ń le sí i, mo bá fi hóró kan kún èyí tí wọ́n ń lò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún wọn.

Lóru ọjọ́ yẹn, ara wọn gan, ojú wọn yí, wọ́n sì ń jà lórí ẹní. A gbé wọn dìde, a sáré dé ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fún wọn lábẹ́rẹ́ tí ara wọn sì rọ̀, ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré. Oògùn wo ni bàbá ń lò? Ìgbà wo ni wọ́n mu sìgá gbẹ̀yìn? Mo na nylon oògùn sí i. Ó mú àmínófílìn kúrò níbẹ̀, ó fi í sápò ara rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ àmù tó jò? Ẹ ó máa pọnmi sí i ṣáá kó tó lè dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Èéfín sìgá ni ihò yẹn. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè run oògùn yìí, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tó tó amusìgá fi máa ń ju ti ẹlòmíì lọ. Bàbá fi sìgá sílẹ̀, ihò dí. Ẹ ò sì dín omi tí ẹ ń pọn kù."

Mo sunkún. Mo rántí hóró tí mo fi kún un.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Wọ́n fi inhaler míì rọ́pò àmínófílìn, tiotropium, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fà á. Wọ́n tún fún wọn ní ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń mú kó di bárakú, kí ọkàn wọn má bàa máa fà sí sìgá. Ẹ jọ̀ọ́, èyí náà ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́: kì í ṣe ká máa jẹ ẹ́ wàwà bíi ti ọmọdé. Ẹ ó rọra jẹ ẹ́ títí yóò fi máa ta lẹ́nu, ẹ ó wá tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí títa náà á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó tún un jẹ.

Ta ló tún ti rí irú èyí?

Apòògùn, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hóró kan yẹn máa jẹ yín lọ́kàn mọ́. Ẹni tó yẹ kó là yín lóye ni kò ṣe é.

Nítorí àwọn tó ń kà á: èéfín ló ń fa ihò àmù yẹn, kì í ṣe nikotíìnì. Bí èèyàn bá fi ṣingọ́ọ̀mù tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá rọ́pò sìgá, ihò náà á dí bákan náà. Wọ́n sábà máa ń dín àmínófílìn kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Dókítà ni yóò dín in o, kì í ṣe ẹ̀yin nílé.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, bàbá kan wá ra ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, nítorí táífọ́ìdì tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi wọ́n léèrè oògùn míì tí wọ́n ń lò. Wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ tajà ni àbí n kò fẹ́ tà. Wọ́n wá fa nylon yọ lápò: àmínófílìn ló wà níbẹ̀. Ciprofloxacin náà máa ń dí ihò yẹn, erythromycin, òun náà oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tà á fún wọn. Wọ́n sọdá sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí mi. Mo ṣì ń rò ó.

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ikọ́ fée ni tèmi, mo sì ń mu sìgá lé e fún ọdún 12. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé inhaler aláwọ̀ bíráwùn tí mò ń fà láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í ṣiṣẹ́ tán nínú àyà tí èéfín ń wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 wọ́n kọ varenicline, oògùn oníhóró tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀, fún mi. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ní kí n ṣì máa mu sìgá mi lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: 0.5 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì títí di ọjọ́ keje, lẹ́yìn náà 1 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, sìgá ti dà bí ewé gbígbẹ lẹ́nu mi.

Bí mo bá lò ó láìjẹun, èébì ni. Àlá ló wá pọ̀ jù. Alaalẹ́ ni mò ń rí ìyá mi àgbà tó ti kú, wọ́n ń ta ẹ̀kọ, wọ́n sì ń pe orúkọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà ló ń fà á, pé àlá rírí wà lára ohun tí ìwé rẹ̀ kìlọ̀ fún. Ọkàn mi balẹ̀, mo lò ó parí.

Nígbà tó fi máa kan ọkọ mi, oògùn náà ti tán lórí àtẹ. Wọ́n bá nitrosamine, kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, nínú rẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, 21 mg, ni wọ́n fún wọn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n padà sí sìgá. Ìkẹrin ló dúró.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Tèmi ò kan sìgá. Kẹ́hìndé ló ní ikọ́ fée. Látọdún 2023 tí iléeṣẹ́ tó ń kó inhaler tá a mọ̀ wá ti kúrò nílùú, owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ń ṣòfò sẹ́nu ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan lu ihò sídìí ìgò omi ike 500 ml níwájú mi, ó ki ẹnu inhaler bọ̀ ọ́, ó fi téèpù dì í. Ọmọ á gbé ẹnu ìgò sẹ́nu, a ó gbọn inhaler, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á wá rọra máa mí sínú mí síta. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kí èémí ọmọ mi wálẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó bá fa nǹkan yẹn kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn gan-an ló ń gbọ̀n ọ́n fún un báyìí.

Ọmọ Awakọ̀, Ìbàdàn

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàámi létí. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bi Apòògùn bóyá bàbá ọjọ́sí ti padà wá.

Apòògùn, Abẹ́òkúta

Wọn ò tíì wá. Mò ń wo ọ̀nà wọn.