Kò sí àbọ̀ nínú Paralíńpíìkì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Èbúté Mẹ́tta kọ̀wé lánàá pé Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, òun pẹ̀lú Eritrea àti Kosovo, "ṣe àkọ́yọjú níbi Ìdíje Aláàbọ̀ Ara Àgbáyé" ní Paris lọ́dún 2024, ìyẹn ìdíje tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Paralympics. Àkọ́yọjú, ìyẹn yíyọjú fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bí mi nínú rárá. Àwọn kan ń bá Ẹ̀gbọ́n jà pé ọmọ nìkan ni àkọ́ ń bá rìn, bíi ti àkọ́bí; ṣé wọn kò gbọ́ àkọ́rọ̀ òjò àti àkọ́so èso rí ni? Aláàbọ̀ gan-an ni mo bá wá.

Ìdajì ni àbọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò pé ju ìdajì lọ ni aláàbọ̀ ara, bó ti wù kí inú ẹni tó sọ ọ́ mọ́ tó. Bí a bá sì gbàgbé àmì abẹ́ ọ, bí àwọn ìwé ìròyìn wa ti ń ṣe, ó di aláàbò, èyí tí à ń pe Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ọ̀rọ̀ ni òwe yẹn pè ní àbọ̀, kò pe ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní pápá ìṣeré Súrùlérè, mo dúró wo àwọn ọkùnrin tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá jà ní kékeré. Wọ́n jókòó sórí pátákó tí wọ́n de táyà kéékèèké mọ́ nísàlẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ wa ara wọn lórí ilẹ̀ kọnkéré, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn ki sálúbàtà bọ ọwọ́. Bó ṣe yí pátákó rẹ̀ po báyìí, bọ́ọ̀lù ti wọlé kí aṣọ́lé tó gbójú sókè. Èwo ni àbọ̀ níbẹ̀?

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í jẹ́ kí a nàka sí arọ tàbí abuké. "Ẹni òòṣà ni," ni wọ́n máa ń wí, nítorí Ọbàtálá tó ṣojú ṣemú ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gba àkàndá wọlé dípò aláàbọ̀ ara, ọmọ ìyá àkànṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ pé abirùn ti wà kí àkàndá tó dé, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ni ní Yorùbá, ṣùgbọ́n àìsàn ni etí ń gbọ́ nínú abirùn, àwọn tí mo rí ní Súrùlérè kò sì ṣàìsàn.

Ní ti orúkọ ìdíje náà, ẹ jẹ́ kí a yá a lò. Èdè Gíríìkì ni para, "ẹ̀gbẹ́" ló túmọ̀ sí: ìdíje tó ń bá Òlíńpíìkì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ka ti Róòmù ọdún 1960 sí àkọ́kọ́ rẹ̀. Yíyá kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ará Kiribati, tí gbogbo wọn kò pọ̀ tó àwọn tó ń gbé Súrùlérè nìkan, "Gilberts" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe erékùṣù wọn ni wọ́n fi ahọ́n tiwọn pè tó di Kiribati. "Ti" ìparí rẹ̀ a sì máa dún bí s lẹ́nu wọn. Kí Ẹ̀gbọ́n fi àkọ́yọjú sílẹ̀ bó ti wà, kí wọ́n wá kọ ọ́ pé: "Kíríbáàsì ṣe àkọ́yọjú ní Paralíńpíìkì ti Paris."